Pàṣán Tó Wà Lájà: Kí Ló Kan Ọ̀ffà Nínú Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

  Ohùn tí ẹ máa ń gbọ́ náà nìyí, láti ìlú Ọ̀ffà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ lórí ètò la kọ síbí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan la yọ kúrò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ó ń kàwé fún oyè másítà nínú sosiọ́lọ́jì, ó sì ní kí n má dárúkọ òun. Òfin àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé lórí: bí òfin ṣe lè máa fìyà jẹ ẹ̀yà kan láìdárúkọ ẹ̀yà náà rárá. Ibi gbogbo tó bá ti sọ ọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: "Òyìnbó mélòó ló wà ní Ọ̀ffà?" Àwọn kan ní ó fẹ́ fi já pa ni. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ń gbà á nímọ̀ràn pé kó yí àkòrí padà sí ohun tó kàn wá, bíi ìgbéyàwó tàbí ọjà. Ó wá bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, kí n ka ohun tó ń kà. Èsì tí mo fún un ni ẹ fẹ́ gbọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀.

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan wà tí fóònù lè ká sílẹ̀. Ẹnì kan pe agbábọ́ọ̀lù dúdú ní ọ̀bọ, wọ́n ya fídíò rẹ̀, ó di ìròyìn, gbogbo wa bínú lórí X fún ọjọ́ méjì. Ìyẹn burú, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rí. Èkejì ni ọ̀rẹ́ mi ń kà. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bú ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì lè jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, kó kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìlànà tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ yẹn lọ lónìí, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ yóò bá ìlànà náà nílẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò sì máa ṣẹlẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù wá láti Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan wà ní North Carolina, Duke Power lorúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni wọ́n ń gba aláwọ̀ dúdú sí níbi iṣẹ́ tí ẹjọ́ náà ti wáyé, ìyẹn ẹ̀ka lébìrà. Owó ẹni tó ń gbà jù lọ níbẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń gbà kéré jù lọ ní àwọn ẹ̀ka yòókù. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1965, òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ aráàlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi ìgbanisíṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà kò sì lè sọ ọ́ síta mọ́ pé dúdú kò gbọdọ̀ kọjá lébìrà. Ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, tàbí kó yege ìdánwò méjì.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí "dúdú", kò sí "funfun" nínú ìlànà yẹn. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ tó yanrantí du àwọn ọmọ dúdú láti kékeré, ta ni ìwé ẹ̀rí yẹn yóò dí lọ́nà? Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú mẹ́tàlá gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù. Orúkọ Willie Griggs ló ṣáájú lórí ìwé ẹjọ́ náà. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn láre, kò sì sí adájọ́ kan tó ta kò ó. Wọ́n ní bí ìlànà kan bá ń ti ẹ̀yà kan sẹ́yìn, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ ṣe, kò bófin mu, bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò tiẹ̀ ní èrò ibi lọ́kàn.

Ẹ ó ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Nígbà ìjọba amúnisìn, abẹ́ Àríwá ni Ọ̀ffà wà, ní ẹkùn Ìlọrin. Ní ọdún 1914 tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ó tẹ́ oríṣi kọ́ọ̀tù kan ká gbogbo ibi tó wà lẹ́yìn Èkó àti àwọn ìlú díẹ̀, irú èyí tó ti lò ní Àríwá tẹ́lẹ̀. Provincial Court ni wọ́n ń pè é. Ta ni adájọ́ níbẹ̀? Òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn náà, ìyẹn Rẹ́sídẹ́ǹtì, àti àwọn D.O. tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkóso ni wọ́n rán wọn wá ṣe, wọn ò gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí amòfin. Òfin kan sì wà nídìí kọ́ọ̀tù náà: lọ́yà kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ wá gbẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò.

Ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan àgbẹ̀ kan. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni alákòóso ẹkùn, òun kan náà ni adájọ́. Ògbufọ̀ ló wà láàárín wọn. Àgbẹ̀ yìí kò mọ ohun tí òfin òyìnbó pè ní ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀tù yẹn lágbára láti dájọ́ ikú. Ohun tó kù ni kí gómìnà fọwọ́ sí i.

Ẹ má rò pé kò sí lọ́yà nígbà yẹn o. Láti ọdún 1879 ni Christopher Sapara Williams ti gbàwé lọ́yà ní ìlú Ọba, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n ń gbẹjọ́ rò ní Supreme Court. Àwọn lọ́yà Èkó yìí gan-an ni Lugard kò fẹ́ rí ní kọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n tó pa àwọn Provincial Court rẹ́, tí wọ́n dá High Court sílẹ̀ rọ́pò wọn, tí lọ́yà fi lè wọlé. Láti 1914 sí 1933, ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bi òfin yẹn ní ìbéèrè tí a bi Duke Power. Kò sọ pé "dúdú kò gbọdọ̀ ní lọ́yà". Ó ní lọ́yà kò gbọdọ̀ wọ kọ́ọ̀tù yìí, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ló pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n ń fà wá síwájú kọ́ọ̀tù náà? Àwa ni. Bàbá bàbá ẹnì kan nínú yín tí ẹ ń gbọ́ mi lè wà lára wọn.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1897, dókítà Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ohun rere ni ìmọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàárín àwọn òyìnbó wá ní ara àwọn ọmọdé dúdú ni ẹ̀fọn ti ń gbé e, nítorí náà kí òyìnbó lọ máa gbé níbi tó jìnnà sí dúdú. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899, dókítà lòun fúnra rẹ̀, kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa omi ẹrẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fún tẹrútọmọ ní oògùn kúnínì. Lugard kò tọ ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn òfin ìlú ti ọdún 1917, ìlànà tó fi lélẹ̀ ni pé kí àlàfo tó tó yáàdì 440, nǹkan bíi mítà 400, wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé dúdú. Ilé gbígbé kankan kò gbọdọ̀ sí lórí àlàfo yẹn.

Àwọn dúdú kan wà tí wọ́n yọ̀ǹda fún láti sùn ní apá òyìnbó: àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ibẹ̀ lòun ti pa ìwé dé, tí òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun. Ẹ̀fọn wo ló mọ̀ pé kúùkù nìyí, kí òun má jẹ ẹ́? Bó bá jẹ́ pé ìlera ni wọ́n ń wá lóòótọ́, kúùkù ni wọn ì bá kọ́kọ́ lé. Ìdí tí òfin bá fi sẹ́nu lè yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní European Reservation. Báwo ló ṣe di GRA? Ní oṣù kejì ọdún 1947, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings wá sí Èkó. Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Ìgbà tí wọ́n rí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ará Èkó lára gan-an, ariwo ta. Gómìnà Arthur Richards fi ìwé ránṣẹ́ káàkiri pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin níbi tí ìjọba bá ti lọ́wọ́ sí. Láti ìgbà náà ni European Reservation ti di Government Reservation.

Ìṣẹ́gun nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gun ọ̀kadà lọ wo GRA Ìlọrin lọ́jọ́ kan. Ẹ wo bí ilẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, ẹ wo igi tó ṣíji bo títì. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí Ojà-Ọba, kí ẹ wo bí orùlé ṣe ń gun orí orùlé. Orúkọ ló yí padà, máàpù kò yí. Òyìnbó kó jáde, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba kó wọlé, àlàfo ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Ọ̀rẹ́ mi kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó máa jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Òun àti dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ohun tó ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣòro láti lóye: ẹni tó ń kọ́ òfin ìlú Ọba lọ́sàn-án kì í rí yàrá háyà lálẹ́, nítorí onílé kò fẹ́ dúdú. Kò sí òfin tó ní kí onílé ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí òfin tó ní kó má ṣe é. Solanke fi ọdún 1929 sí 1932 rìn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó láti ní ilé tiwọn. Ní 1933 ilé náà ṣí ilẹ̀kùn ní agbègbè Camden.

Ẹnì kejì kọ́ sosiọ́lọ́jì bíi ti ọ̀rẹ́ mi. Nathaniel Akinremi Fadipe lorúkọ rẹ̀. Ní 1939 ló parí iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ ní London School of Economics, lórí àwùjọ Yorùbá. Láyé ìgbà yẹn, òyìnbó ló sábà máa ń kọ nípa wa, àwa ni wọ́n ń wò. Fadipe jókòó sí ìdí tábìlì kejì. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni ìwé náà tó jáde ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìwádìí kò já mọ́ nǹkan torí pé kò tètè sèso, ẹ rántí rẹ̀.

Ní ti ìlú Ọba, ọdún 1965 ni wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ ilé háyà àti iṣẹ́ kò wọ inú rẹ̀ dáadáa títí di 1968. Nígbà tó di 1976 ni òfin wọn tó gbà pé ìlànà tí kò dárúkọ ẹ̀yà lè jẹ́ ìyàsọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kàwé níbẹ̀, ẹ̀tọ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀ nìyẹn, àwọn èèyàn ló jà fún un, díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tiwa.

Ẹ wáá jẹ́ ká sọ èyí tó le jù. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òyìnbó lọ ní 1960. Pàṣán dà?

Ní ọdún 1910 ni ìjọba amúnisìn ti fi ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ àkóso gómìnà, tí wọ́n sì ya ọmọ ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ sí àjèjì. Ní 1962, ìjọba Àríwá, ìjọba àwa fúnra wa, ṣe òfin ilẹ̀ tirẹ̀. Ó pa ìyàsọ́tọ̀ yẹn mọ́. Ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀yà tó jẹ́ ti Àríwá. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àjèjì ni lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ìlú ojú irin ni Ọ̀ffà. Láti ìgbà tí rélùwéè ti gba ibí kọjá lọ sí Ìlọrin ní 1908 ni àlejò ti ń sọ̀ kalẹ̀ síbí láti ibi gbogbo. Ẹ mú ọmọ Ìgbò kan tí wọ́n bí sẹ́bàá ojú irin, tó ń sọ Yorùbá Ọ̀ffà débi pé ẹ kò lè mọ̀. Lábẹ́ òfin 1962, àjèjì ni. Bí ìyá rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀ffà pọ́nńbélé, àjèjì ni, torí bàbá nìkan ni òfin náà ń wò.

Òfin ilẹ̀ ti 1978, tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe, gba ipò òfin yẹn. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà. Ibẹ̀ ni C of O tí à ń sáré lé kiri ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ọmọ ìbílẹ̀" kò kú. Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 42 ní a kò gbọdọ̀ torí ẹ̀yà tàbí ibi tí ẹnì kan ti wá fìyà jẹ ẹ́. Ó dùn létí. Abala 147 wá ní mínísítà tí ààrẹ bá yàn láti ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Abala 318 sì sọ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ wá láti ìdílé tó jẹ́ ti ibẹ̀. Ìyá ti wọ̀ ọ́ báyìí, ìtẹ̀síwájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún tí o fi gbé ìlú kan, owó orí tí o san, ọmọ tí o bí síbẹ̀, kò sí èyí tó kà.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Fọ́ọ̀mù tó ń bèèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti kánsù. Owó ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọ̀tọ̀ fún ọmọ ìpínlẹ̀, ọ̀tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe, ní ọ̀pọ̀ fásitì ìpínlẹ̀. Nígbà tí a bá wà nílé, à ń jẹ nínú rẹ̀, a kì í rí i. Ó di ìgbà tí ọmọ Ọ̀ffà bá dé ibòmíràn tí wọ́n ní kó mú ìwé wá, kó tó mọ̀ pé ó ń ta.

Ẹnì kan yóò sọ pé, "Ìyẹn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà bíi ti òyìnbó." Òótọ́ ni. Ẹni tó wá láti òkè òkun, tó fi ìbọn gba ilẹ̀, tó sì ka odindi aláwọ̀ dúdú sí ọmọdé, kò dọ́gba pẹ̀lú kánsù tó ń bèèrè ìwé. N kò pa wọ́n pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé irinṣẹ́ kan náà ni: ìlà tí a fà sínú òfin, tó pín àwọn tó jọ ń gbé ìlú kan sí onílé àti àlejò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ṣìkà kó tó máa ṣiṣẹ́.

Èyí ni mo fi dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Mo ní kó má yí àkòrí rẹ̀ padà. Ẹni tó bá bi í pé òyìnbó mélòó ló wà ní Ọ̀ffà, kó bi onítọ̀hún padà pé òfin òyìnbó mélòó ló ṣẹ́ kù síbí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ka sosiọ́lọ́jì, ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sì lè máa fi wọ́n yẹ ìlànà èyíkéyìí wò, ti ilé ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́, ti onílé. Àkọ́kọ́: ta ni ìlànà yìí ń dí lọ́nà jù, láìka ohun tó wí? Èkejì: ohun tó ń bèèrè, ṣé ó ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ gbà? Ẹ̀kẹta: bí wọ́n bá yọ òṣìṣẹ́ yìí, tí wọ́n fi áńgẹ́lì síbẹ̀, ṣé nǹkan yóò yí padà? Bí èsì ẹ̀kẹta bá jẹ́ rárá, ẹ fi òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ dojú kọ ìlànà.

Ìlànà wo ló ti dí ẹ̀yin lọ́nà rí, tàbí èyí tó ń gbè yín tí ẹ kò kíyè sí tẹ́lẹ̀? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ jọ̀wọ́. A máa gbé díẹ̀ nínú wọn sí ètò tó ń bọ̀.